Ilé Tó Kúrò Lágbàlá: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Bọ́ńgálò

 

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ: bọ́ńgálò. Bí mo bá bi ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí pé kí ni bọ́ńgálò, yóò dá mi lóhùn kíákíá pé ilé tí kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ẹlòmíràn á ní ilé ilẹ̀. Ìdáhùn náà tọ̀nà lẹ́nu àwọn tó ń ta ilé àti àwọn tó ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kejì tì í lẹ́yìn. Agbo ilé tí wọ́n bí àwọn bàbá wa àgbà sí, ṣé ó ní òkè ni? Kò ní. Ojúlé mélòó ni ì bá wà níbẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ààfin Ọ̀yọ́ àtijọ́ pẹ̀lú gbogbo kọ̀bì rẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ náà ni, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n sì fi ń bò ó lọ́dọọdún. Ta ló wá gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni pe agbo ilé ní bọ́ńgálò? Bí ẹnì kan bá pe ààfin Aláàfin bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni a ó fi í rín.

A jẹ́ pé nǹkan mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí iye àjà kò lè sọ fún wa. Nǹkan ọ̀hún ni mo ní lọ́kàn láti wá rí lónìí. Mo ti rí i pé bí a bá tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí ó ti ṣẹ̀, ibi gbogbo tó bá dé ló ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ó ń dárúkọ ilé tó dá dúró, ilé tí wọ́n yọ kúrò láàárín àwọn ilé yòókù. Ẹ bá mi ká lọ.

Orúkọ tó ti ara ìlú wá

Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ ilé yìí lórúkọ, ìlú ni wọ́n wò. Ní èdè Híńdì, *bangla* túmọ̀ sí "ti Bẹ̀ǹgálì". Gujarati náà ní irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Bí àwa náà ṣe ń pe àwọn ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní ilé Àgùdà nítorí àwọn tó ti Brazil dé tí wọ́n kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Íńdíà ní ẹkùn mìíràn ń pe ilé kan ní ilé àwọn ará Bẹ̀ǹgálì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú orúkọ Bangladesh, orílẹ̀-èdè tó gba òmìnira lọ́wọ́ Pakistan ní 1971. Ilẹ̀ Bẹ̀ǹgálì ni ìtumọ̀ orúkọ náà, Bangla sì ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe èdè wọn. Nígbà tí a bá sọ pé a kọ́ bọ́ńgálò sí Ṣàgámù, orúkọ ìlú tó wà ní òkè òkun jíjìn la ń pè láìmọ̀.

Irú ilé wo ni ilé Bẹ̀ǹgálì náà? Ibi tí odò Ganges àti odò Brahmaputra ti ń ya sínú òkun ni Bẹ̀ǹgálì wà. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni, òkúta kò wọ́pọ̀ níbẹ̀, òjò sì máa ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀ débi pé omi á bo oko. Ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí wọn ni ọparun, amọ̀ àti koríko. Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ pèpéle gíga kí àkúnya omi má baà wọlé, wọ́n á wá gbé ilé oníyàrá kan lé e. Wọ́n á tẹ ọparun ní àtẹ̀kọrọdọ fún òrùlé, tí àárín rẹ̀ á yọ sókè, tí etí rẹ̀ méjèèjì á sì rẹlẹ̀, kí òjò lè ṣàn lọ láìdúró. Òrùlé tó tẹ̀ bí ọrun yìí ni àmì ìdánimọ̀ ilé náà.

Kò pẹ́ tí òrùlé àgbẹ̀ náà fi gorí ilé ọba. Nígbà tí Shah Jahan, ọba Mughal, ń kọ́ àwọn ilé inú odi Agra ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó mú kí wọ́n fi òrùlé tó tẹ̀ bíi ti ọparun Bẹ̀ǹgálì sórí àwọn kan nínú wọn. Ní Bishnupur, ní Bẹ̀ǹgálì fúnra rẹ̀, wọ́n fi bíríkì kọ́ tẹ́ńpìlì kan ní 1655 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jor Bangla. Ilé *bangla* méjì tí wọ́n so pọ̀ ni orúkọ náà ń wí, ojú sì rí i bẹ́ẹ̀: òrùlé ahéré méjì ló fara kọ́ra, tí bíríkì tí wọ́n ya àwòrán sí lára gbé wọn ró. Ẹ rí i pé kí Òyìnbó tó mọ orúkọ yìí, ó ti níyì ní ilẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dúró lé. Nínú abúlé Bẹ̀ǹgálì, ilé kan kì í dá wà. Ìdílé á kọ́ ilé oníyàrá kan síhìn-ín, òmíràn sọ́hùn-ún, ilé ìdáná lọ́tọ̀, gbogbo wọn á sì kọjú sí àgbàlá kan tí wọ́n ń pè ní *uthan*. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá ìrẹsì, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agbo ilé, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé àgbàlá bẹ́ẹ̀ fún yín.

Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò lágbàlá

Ní 1676, Streynsham Master, ọ̀gá kan nínú East India Company, ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, wà ní ẹkùn Hugli ní Bẹ̀ǹgálì láti yẹ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọn wò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣe "bungales" fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi wọn. Nínú àkọsílẹ̀ kan náà, ó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ahéré ṣàlàyé ohun tó ń sọ. Nígbà náà, bọ́ńgálò kò tíì di ilé ọ̀gá. Ibi tí atukọ̀ lè forí pamọ́ sí lásán ni.

Agbára ló yí i padà. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ́gun ní Plassey ní 1757, tí wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ láti máa gba owó orí Bẹ̀ǹgálì ní 1765, àwọn oníṣòwò di alákòóso. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn gba ilé ará ìlú yìí, wọ́n sọ ọ́ di ńlá. Wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá púpọ̀, wọ́n gbé àjà rẹ̀ ga kí ooru lè máa gòkè, wọ́n sì fi fàráńdà yí i ká kí oòrùn má baà kan ògiri. Ọ̀rọ̀ *fàráńdà* fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá: ó wà lẹ́nu àwọn Potogí, láti Íńdíà sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un.

Àyípadà tó tóbi jù lọ wà ní ìta ilé náà. Òyìnbó kò gbé inú àgbàlá kan pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ó mú ilé kan ṣoṣo, ó gbé e sí àárín ilẹ̀ gbalasa, ó fi ògiri tàbí igi ọgbà yí i ká, ó kọ́ ilé ìdáná àti yàrá àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ńlá tí àwọn ará Íńdíà dì ní 1857, ìyapa yìí tún le sí i. Wọ́n ya àdúgbò ọmọ ogun àti ti alákòóso sọ́tọ̀ kúrò lára ìlú, wọ́n sì tò bọ́ńgálò síbẹ̀. *Cantonment* ni wọ́n ń pe àdúgbò àwọn ọmọ ogun náà, ọ̀rọ̀ tí a ṣì ń lò fún bárékè Ìkẹjà títí di òní.

Ẹ̀ka kan tún yọ lára rẹ̀. Lójú ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́, ìjọba kọ́ àwọn ilé tí ẹni tó ń rìnrìn-àjò lè sùn sí, wọ́n ń pè wọ́n ní *dak bungalow*. *Dak* ni ètò ìfìwéránṣẹ́. Àwọn àgbà tó bá rántí Rest House tí àwọn ajẹ́lẹ̀ máa ń wọ̀ sí nígbà tí wọ́n bá jáde lọ yẹ ìlú wò, irú rẹ̀ kan náà ni.

Ibi tí a ti ń ka àjà

Ìlú Ọba ni bọ́ńgálò ti gba ìtumọ̀ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ní 1869 sí 1870, ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ John Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bọ́ńgálò sí etíkun Kent, ní Westgate àti Birchington, fún àwọn olówó tó fẹ́ sá fún èéfín London. Nínú ọ̀kan nínú àwọn bọ́ńgálò Birchington ni Dante Gabriel Rossetti, akéwì àti ayàwòrán, kú sí ní 1882.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni àìní òkè ti di àmì rẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé ní Ìlú Ọba, ilé tí kò ní àtẹ̀gùn ti di ohun àrà lójú ará ìlú ńlá. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, òkè ni wọ́n ti ń sùn. Nígbà tí ilé kan wá dé tí yàrá ìsùn àti pálọ̀ jọ wà nílẹ̀, ìyẹn ni ojú wọn kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn tí owó wọn kò pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ kéékèèké sí etíkun àti ẹ̀bá títì láti kọ́ bọ́ńgálò. Peacehaven, nítòsí Brighton, di ìlú bọ́ńgálò. Àwọn ọ̀mọ̀wé bínú, wọ́n ní ilé bẹ́ẹ̀ ń ba ẹwà ilẹ̀ jẹ́. Ní 1935, ìjọba ṣe òfin tó dín ilé kíkọ́ lẹ́bàá títì kù. Ohun tí olówó fi ń gbádùn ní Birchington ti di ẹ̀sùn lọ́rùn tálákà.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Láti 1908 títí di 1940, ilé ìtajà Sears fi ìwé àwòrán ta ilé fún àwọn oníbàárà. Wọ́n á di pákó àti ìṣó sínú ọkọ̀ ojú irin, ẹni tó rà á á sì lọ tò ó pọ̀. Púpọ̀ nínú ilé náà jẹ́ bọ́ńgálò. Ní Chicago, nǹkan bí 80,000 bọ́ńgálò alábíríkì ni wọ́n kọ́ láàárín 1910 sí 1940, tí púpọ̀ nínú wọn ní yàrá lábẹ́ òrùlé. Ní Pasadena ní Kalifọ́ríníà, Gamble House tí wọ́n kọ́ ní 1908 ní àtẹ̀gùn gidi, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ilé ń kà á mọ́ bọ́ńgálò tó dára jù lọ. Ẹ bá a dé Singapore, ilé alájà méjì tó dá dúró nínú ọgbà tirẹ̀, bọ́ńgálò ni wọ́n ń pè é. Ní Mumbai, ilé òṣèré fíìmù tó ní àjà mẹ́ta lè jẹ́ bọ́ńgálò, bí kò bá sáà ti jẹ́ fúláàtì.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn ará Singapore àti Mumbai kò ṣi ọ̀rọ̀ náà lò. Àwọn gan-an ló di ìtumọ̀ tó ti Íńdíà ìgbà àwọn alákòóso wá mú. Àwa tí a gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Ìlú Ọba la gba ìtumọ̀ onílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sì rọrùn fún wa láti gbà á, nítorí a ti ní ọ̀rọ̀ tó lè bá a ṣe tọ̀tún-tòsì. Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ti kọ́ ilé alájà méjì sí Àgbádárìgì ní nǹkan bí 1845, tí àwọn Àgùdà sì ń kọ́ tiwọn sí Èkó, a ti sọ *upstairs* àwọn Gẹ̀ẹ́sì di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohun tí kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń wá orúkọ.

Ẹ̀fọn, àyè àti ìjọba

Ọ̀nà tí bọ́ńgálò gbà dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ti etíkun Kent nìkan. Íńdíà ló tún ti wá. Ní 1897, ní Secunderabad ní Íńdíà, dókítà Ronald Ross rí kòkòrò akọ ibà nínú ẹ̀fọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó wà ní Freetown ní Sierra Leone. Nínú àwọn dókítà ìjọba, àwọn kan mú ìmọ̀ yìí, wọ́n sì fà á síbi tó wù wọ́n. Wọ́n ní kòkòrò ibà wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà, nítorí náà kí Òyìnbó má ṣe sùn nítòsí wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ Hill Station sí orí òkè lẹ́yìn Freetown. Wọ́n kó àwọn bọ́ńgálò náà ní títò-tán láti Ìlú Ọba, wọ́n gbé wọn lórí òpó gíga, wọ́n sì la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀ ní 1904 kí àwọn alákòóso lè máa sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bọ́ńgálò náà gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn. Orúkọ kò yí padà nítorí ìyẹn.

Èkó kò kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn. William MacGregor, tó jẹ́ gómìnà ibẹ̀ láti 1899 sí 1904, dókítà ni òun náà. Ó kọ̀ láti ya Òyìnbó kúrò lára ará ìlú. Ó ní kí wọ́n fa omi àbàtà, kí wọ́n sì pín oògùn kuníìnì fún gbogbo ènìyàn. Àbàtà kan tó fà di odò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ṣùgbọ́n àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò rò bíi tirẹ̀. Frederick Lugard, tí wọ́n bí sí Madras ní Íńdíà ní 1858, tó sì ti ṣiṣẹ́ ológun níbẹ̀, di gómìnà àgbà Nàìjíríà ní 1914. Òfin ìlú tí wọ́n ṣe ní 1917 pàṣẹ pé kí wọ́n fi àyè yáàdì 440 sílẹ̀ láàárín àdúgbò Òyìnbó àti ti ará ìlú, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé síbẹ̀. Ìrònú wọn ni pé ẹ̀fọn kò ní lè fò kọjá rẹ̀. Ní Ìkòyí, odò MacGregor yìí gan-an, tí wọ́n gbẹ́ láti wo ìlú sàn, ló di ààlà tó ya àdúgbò Òyìnbó kúrò lára Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ibi tí bọ́ńgálò ti kọ́kọ́ wọ ojú àwọn òbí wa nìyẹn: ilé funfun láàárín koríko gígẹ̀, lẹ́yìn igi ọgbà, pẹ̀lú bọ́ìsì-kọ́tà lẹ́yìn, ní GRA Agodi, ní Ìyágànkú, ní Ìkòyí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gba ipò Òyìnbó nígbà òmìnira, ilé Òyìnbó ló kó sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe kó iyì jọ. Ẹni tó ń kọ́ bọ́ńgálò ní 1960 ń sọ fún ayé pé òun ti kúrò nínú agbo ilé.

Surulérè àti àwọn tí wọ́n kó lọ

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ kúrò nínú agbo ilé. Láti 1955, ìgbìmọ̀ LEDB (Lagos Executive Development Board) tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn eku, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn agbo ilé ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Surulérè, sínú ilé ilẹ̀ tí wọ́n tò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ilé náà mọ́, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ tó ṣèwádìí láàárín wọn, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé ẹbí ti fọ́nká. Ìyá tó ń tajà ní Ìsàlẹ̀ Èkó pàdánù oníbàárà rẹ̀. Ọmọ tí ì bá máa gbé oúnjẹ lọ fún ìyá àgbà lójoojúmọ́ wá nílò owó ọkọ̀. Àwọn mìíràn kò lè san owó ilé oṣooṣù, nítorí pé nínú agbo ilé, ẹnikẹ́ni kì í san owó fún yàrá bàbá rẹ̀. Ògiri ilé tuntun náà dára ju ti àtijọ́ lọ. Àgbàlá ni kò bá wọn dé ibẹ̀.

Ní ìhà Ìbàdàn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ ilé gbígbé sílẹ̀ ní 1958, Bódìjà sì dìde. Ibẹ̀, ìfẹ́ inú ni àwọn ènìyàn fi wọ̀ ọ́: olùkọ́, agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn náà, nígbà ìjọba Shagari, 1979 sí 1983, ìjọba àpapọ̀ tò bọ́ńgálò oníyàrá kan àti oníyàrá mẹ́ta káàkiri ìpínlẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi orúkọ ààrẹ pe ibẹ̀ títí di òní. Láti Bódìjà dé "ilé Shagari", ètò kan náà ni: ọkọ, aya, ọmọ, fẹ́ńsì.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò wá síbí láti bú bọ́ńgálò. Ilé tó dára ni. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò ní àtẹ̀gùn tí yóò gùn. Bíríkìlà kò ní dẹ́kìn tí yóò da, nítorí náà owó irin àti sìmẹ́ǹtì dín kù. Ènìyàn lè fi yàrá méjì bẹ̀rẹ̀, kí ó fi kẹta kún un nígbà tí ọwọ́ bá gbòòrò. Ẹni tó gbọ́n ni àgbẹ̀ Bẹ̀ǹgálì tó kọ́kọ́ ronú rẹ̀.

Ohun tí mo ń bá jà ni fẹ́ńsì tó tẹ̀lé e wá láti ọwọ́ alákòóso, tí àwa sì gbà bíi pé ara ilé ni. Bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta bá ra plọ́ọ̀tì mẹ́ta tó fara kanra lónìí, odi mẹ́ta ni wọ́n máa mọ, géètì mẹ́ta, kànga mẹ́ta, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta. Ìyá wọn á wà nínú ọ̀kan, á máa fi fóònù pe àwọn tó kù.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Èkíní, ẹ̀yin ayàwòrán ilé, nígbà tí ẹbí kan bá gbé ilẹ̀ tó fẹ̀ síwájú yín, ẹ ya àwòrán kan tí bọ́ńgálò mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò kọjú sí àgbàlá kan, pẹ̀lú odi kan, géètì kan, kànga kan. Ẹ ṣírò iye tí yóò ná wọn, kí ẹ fi wé iye tí odi mẹ́ta ń ná wọn. Mo mọ ohun tí ìṣirò náà yóò sọ. Èkejì, ẹ̀yin aṣojú ìjọba tó ń ṣe ètò ilé gbígbé, kí ẹ tó kó ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó ń gbé, ẹ béèrè ẹni tó ń bá a gbé ọmọ àti ẹni tó ń bá a tajà, kí ẹ sì kó wọn lọ papọ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ àyálò, ẹ má ṣe dúró sí pé láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni tó yá nǹkan sì lè má gbé gbogbo rẹ̀ délé.

Àwọn ará Bẹ̀ǹgálì kọ́ *bangla* sí etí àgbàlá. Àwọn baba wa kọ́ agbo ilé yí àgbàlá ká. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn, síbẹ̀ ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, ọwọ́ wa ló sì kù sí láti lò ó.